Bàálù Tí Ń Kí Bàbá Fátókun

"Ká tó ní ẹsẹ̀ àlejò burú, ká wo ibi tí orúnkún tiwa balẹ̀ sí." Ṣé ẹ mọ ibi tí òwe yìí ti ṣẹ̀ wá? Bí ẹ bá dé Òkè-Apá, ẹ kò ní lo ọjọ́ mẹ́ta tán kí ẹ tó gbọ́ ọ. Wọ́n ń pa á níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà, wọ́n ń pa á nídìí iṣẹ́, ìyàwó ilé tó bá láyà ń pa á sí ìyá ọkọ rẹ̀ létí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó pa á léèrè ìdí rẹ̀, ẹ ó rí i pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. Àwọn kan á ní òwe àwọn baba ńlá wa ni, pé ọba kan ló kọ́kọ́ pa á fún ìyàwó rẹ̀. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Òwe yìí kò tí ì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Inú ilé kòkó kan ni wọ́n bí i sí, lábẹ́ bàálù, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà sì ṣojú wọn ṣì ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀ títí di òní.

Láníhùn ló ni bàálù náà. Ogún ọdún ló ti fi ń tún jáàkì típà ṣe létí títì. Bí típà bá ru yanrìn tí kò lè dà á, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Kì í ṣe ẹni tó kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìwà ọ́ìlì. Ó mọ̀ pé bí a bá há ọ́ìlì mọ́ inú páìpù, tí a sì tì í láti ẹ̀yìn, yóò gbé ohun tí ogún ọkùnrin kò lè gbé. Ìmọ̀ yìí ló fún un láyà tó fi dáwọ́ lé ohun tí gbogbo Òkè-Apá fi ń rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi kan bàálù ẹlẹ́ni-méjì fúnra rẹ̀. Ó ń wo ìwé àwòrán, ó ń gé páànù, ó ń tú u, ó tún ń tò ó. Ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń wà á. Nígbà tó padà dé, ohùn àwọn tí ń rẹ́rìn-ín ti lọ sílẹ̀ díẹ̀.

Ẹnìkan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Bàbá Fátókun, ẹ̀gbọ́n ìyá Láníhùn. Ọmọ ọdún méje ni Láníhùn nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ọ̀dọ̀ Bàbá ló sì dàgbà sí. Awakọ̀ katapílà ni Bàbá láyé ọjọ́un. Abẹ́ katapílà yẹn ni Láníhùn ti kọ́kọ́ rí ọ́ìlì tó ń gbé irin. Ilé kòkó tí wọ́n ti ń kan bàálù, ilé Bàbá ni. Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ṣì ń ríran, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ èyí tó bá wù ú láti gbọ́. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti rọ̀ díẹ̀, á mú ọ̀pá rẹ̀, á bu ẹ̀pà sísè sínú abọ́, á rọra rìn wá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Láníhùn ti ṣèlérí fún un pé ọjọ́ tí bàálù bá kọ́kọ́ gbé èèyàn méjì, òun ni yóò jókòó sí ìjókòó kejì. Bàbá kì í fi ìlérí náà yangàn níta, ṣùgbọ́n ó ti rán fìlà abetí-ajá tuntun tí yóò fi bo etí nítorí atẹ́gùn òkè.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé ẹsẹ̀ bàálù náà, nítorí òun ló dá wàhálà sílẹ̀. Mẹ́ta ni, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, táyà sì wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí bàálù bá ti gbéra, ó gbọ́dọ̀ ká wọn wọnú bí ẹyẹ. Bó bá ń bọ̀ wálẹ̀, á nà wọ́n. Súìṣì kan ṣoṣo ló ń ṣe é. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ sókè, pọ́ǹpù á ké, ọ́ìlì á tì, ẹsẹ̀ á ká; bí agbára ọ́ìlì bá sì dínkù, pọ́ǹpù á tún ké fúnra rẹ̀. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ á nà. Láti dán èyí wò láìfò, wọ́n gbé bàálù náà sórí àga irin gíga mẹ́ta kí táyà má bàa kanlẹ̀. Dùnmọ́mi, ìyàwó Láníhùn, ìyá Ẹniọlá ọmọ wọn, ló ń jókòó sínú rẹ̀ lókè tẹ súìṣì. Láníhùn á wà lábẹ́, á máa wo páìpù bóyá ó ń jò. Sàlákọ́ ajórin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ni yóò máa tan tọ́ọ̀ṣì fún un, tí yóò sì máa sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi í.

Ọjọ́ Ajé kan ni ó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dán ẹsẹ̀ náà wò lórí àga. Láti àárọ̀ ni ẹsẹ̀ bàálù ti ń ká tó sì ń nà láìyọnu. Lọ́wọ́ ọ̀sán, ó wà ní kíká, Láníhùn ń fi àkísà nu ìdí páìpù, ni Bàbá Fátókun bá wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," Bàbá ní. "Iṣẹ́ á ṣe é ṣe o."

"Ẹ káàbọ̀ sà," Dùnmọ́mi dáhùn láti òkè. "Ẹ kú oòrùn sà. Ṣé ara le sà?"

Kò tí ì kí i tán tí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tó pè wọ́n. Pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í ké fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà rọ̀ títí ó fi nà tán, ó wá dúró síbẹ̀.

Sàlákọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó! Bàálù náà ń kí Bàbá!"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó na ọ̀pá sí bàálù, ó ní, "Olúwa á dá ọ sí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí. Láníhùn ní kí Dùnmọ́mi tẹ súìṣì sókè kí Bàbá lè rí bí ó ṣe ń ká. Ó tẹ̀ ẹ́. Pọ́ǹpù ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ inú oòrùn, géèjì tí ń wọn agbára ọ́ìlì kò kúrò lórí òdo, ẹsẹ̀ kò mira. Bàbá dúró, ó jẹ ẹ̀pà rẹ̀, ó ṣàdúrà, ó lọ sílé. Ó ṣẹ́ kọ̀rọ̀ tán, Láníhùn ní, "Tún un tẹ̀ ká wò ó." Ẹsẹ̀ ká wọnú wẹ́rẹ́, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì, Láníhùn ní afẹ́fẹ́ ló wọ inú ọ́ìlì. Ó tú ìdí páìpù, ó jẹ́ kí ọ́ìlì máa ṣàn títí afẹ́fẹ́ fi tán nínú rẹ̀. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Bàbá dé lọ́wọ́ ọ̀sán, ẹsẹ̀ já bọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní síìlì ni, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò. Ó pààrọ̀ gbogbo síìlì pátá, títí kan èyí tí kò tí ì lò ju oṣù kan lọ. Ó ṣiṣẹ́ títí Bàbá fi dé. Lọ́jọ́ kẹrin, ó tú pọ́ǹpù palẹ̀ sórí àpò, ó fọ̀ ọ́, ó rí i pé ó mọ́ ju àwo tí òun fi ń jẹun lọ. Ó wo bátìrì, ó tọ wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wo fáàfù pupa kékeré tó wà nílẹ̀ láàrin ìjókòó méjèèjì, èyí tí awakọ̀ máa ń ṣí bí pọ́ǹpù bá kú sókè, kí ọ́ìlì lè sá padà sínú agolo rẹ̀, kí ẹsẹ̀ sì fi ìwúwo ara rẹ̀ já sílẹ̀. Pípadé ló bá a, sípíríǹgì rẹ̀ sì ń fà á padà dáadáa. Kò rí nǹkan kan. Ohun gbogbo dára lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn ni kò dára, àti pé ọwọ́ ọ̀sán nìkan ni kì í dára.

Ọ̀rọ̀ wá di ẹja-ń-bákàn. Láníhùn tó jẹ́ pé bó bá gbọ́ ohùn jáàkì lókèèrè ló ti mọ ibi tó ń dùn ún, ó wá di ẹni tí ń jókòó sílẹ̀ máa wo ẹsẹ̀ bàálù bí ẹni tí ń wo ẹnu odi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara rẹ̀ pé oòrùn ọ̀sán ló ń mú kí ọ́ìlì ṣàn jù. Ó gbé omi tútù wá, ó fi aṣọ tútù wé agolo ọ́ìlì bí ẹni tí ń tọ́jú ibà. Bàbá dé, ẹsẹ̀ já bọ́. Bàbá pàápàá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bi í pé, "Kí ló ń ṣe é gan-an?" Láníhùn ní, "Bàbá, mi ò mọ̀." Òótọ́ ló sọ, ó sì dùn ún láti sọ ọ́ níwájú ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí Dùnmọ́mi lọ gbé oúnjẹ, Sàlákọ́ pa tọ́ọ̀ṣì, ó sún mọ́ ọn.

"Láníhùn, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣé o ti ṣàkíyèsí pé bí Bàbá bá ti wọlé ni?"

"Ni kí ni?"

"Ni ohun tí ìwọ náà ti mọ̀."

Láníhùn ju sípánà sílẹ̀. "Bàbá tó tọ́ mi? Sàlákọ́, ṣé orí ẹ pé?"

"Èmi ò ní Bàbá ṣe nǹkan kan o. Ẹsẹ̀ ni mo sọ. Èèyàn lè jẹ́ ẹni rere kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má dáa. Ìyá àgbà tèmi ńkọ́? Ẹni bí àdúrà ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ibi tí a ti ń yan àgbàdo, iná á kú."

Láníhùn lé e jáde nínú ilé kòkó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a bá ti gbọ́, a kò lè dá a padà sẹ́nu ẹni tó sọ ọ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá lọ sí ìsọmọlórúkọ ní ìlú kejì. Láníhùn dán ẹsẹ̀ bàálù wò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nínú oòrùn kan náà, pẹ̀lú ọ́ìlì kan náà. Ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún ló ká, kò kùnà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Bàbá ń bọ̀ láti òde, ó ní kí òun yà kí wọn díẹ̀. Ó wọlé, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wálẹ̀.

Sàlákọ́ kàn wo Láníhùn, ó wá yíjú sí ìta.

Kí ni kí Láníhùn ṣe? Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ọkùnrin tí ìjọba yàn láti máa yẹ bàálù wò dé. Bí ẹsẹ̀ kò bá ká lójú rẹ̀, kò ní fọwọ́ sí ìwé, bàálù kò ní fò, ìjókòó kejì kò sì ní gbé Bàbá lọ síbì kankan. Láti lè gbé Bàbá gòkè, ó ní láti kọ́kọ́ lé Bàbá sẹ́yìn. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, kò yé e. Kò gbà pé ẹsẹ̀ ènìyàn lè ba ọ́ìlì jẹ́. Síbẹ̀, ó ti kà á, iye tó kà kò sì purọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó lọ bá Bàbá nílé. Ó ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti ojú ọ̀nà, ó sì ń rọra gbé e bí ẹni tó gbé ẹyin, nítorí ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

"Bàbá, oòrùn ọjọ́ wọ̀nyí ti le jù. Ẹ má wulẹ̀ máa yọ ara yín lẹ́nu wá sí ilé kòkó mọ́. Bí gbogbo nǹkan bá ti tò, èmi fúnra mi á wá gbé yín."

Bàbá wò ó. "Oòrùn," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé ẹsẹ̀ mi ni?"

Láníhùn wolẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé rárá, ahọ́n rẹ̀ kò gbé e. Ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ojú tì í. Bàbá mi orí. Ó na abọ́ ẹ̀pà sí i. "Ó dáa. Mú èyí lọ fún wọn. Bá mi kí Ìyá Ẹniọlá." Láníhùn gbà á, ó ń lọ, kò sì lè jẹ ẹyọ kan nínú ẹ̀pà náà.

Láti ọjọ́ kejì rẹ̀, ẹsẹ̀ bàálù kò ṣe àìsàn mọ́. Ó ń ká láàárọ̀, ó ń ká lọ́sàn-án, ó ń ká nínú òjò. Sàlákọ́ ń yan bí ẹni tó ṣàwárí kànga. Inú Láníhùn ló yẹ kó dùn jù, òun gan-an ni inú rẹ̀ bàjẹ́ jù. Lójoojúmọ́ tí ẹsẹ̀ bá ti ká dáadáa, ó dà bí ẹni pé wọ́n tún jẹ́rìí mọ́ Bàbá lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Dùnmọ́mi bi í pé, "Bàbá Ẹniọlá, Bàbá ńkọ́? A ò rí wọn mọ́." Ó ní oòrùn ni. Dùnmọ́mi ní, "Oòrùn wo? Èyí tí wọ́n ti ń rìn nínú rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà?" Láníhùn wọ abẹ́ bàálù lọ. Sàlákọ́ gbé agolo ọ́ìlì ka orí àpótí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, Láníhùn sì lọ gbé e kúrò.

Ọjọ́ kẹwàá pé. Ọkùnrin ìjọba dé, Alàgbà Ẹkúndayọ̀ ni wọ́n ń jẹ́, ẹni àádọ́rin ọdún tí orí rẹ̀ funfun gbòò, tó wọ awò ojú nínípọn. Bàálù wà lórí àga irin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ká, Dùnmọ́mi ti jókòó, Láníhùn ti wà lábẹ́ pẹ̀lú Sàlákọ́. Wọ́n ti dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ o," Alàgbà náà ní bó ti ń wọlé.

"Ẹ káàbọ̀ sà," Dùnmọ́mi dáhùn. "Ẹ kú ìrìn sà. Ẹ kú ewu ọ̀nà sà."

Pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹsẹ̀ bàálù rọ̀ wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi nà tán.

Tọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ Sàlákọ́. Ó fi ẹnu sí Láníhùn létí, ó ní, "Háà! Ẹsẹ̀ ti eléyìí náà burú?"

Alàgbà Ẹkúndayọ̀ tẹ̀ ba, ó wo abẹ́ bàálù. "Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?" Láníhùn ní rárá sà, ó ní kí ìyàwó òun tẹ súìṣì sókè. Pọ́ǹpù ké, ké, ké. Géèjì wà lórí òdo. Alàgbà kọ nǹkan sínú ìwé. Orí Láníhùn ń hó. Ọkùnrin yìí kò dé Òkè-Apá rí. Kò bá Bàbá tan. Kí ló wá fi jọ Bàbá? Orí funfun? Ọ́ìlì ha mọ orí funfun yàtọ̀ sí dúdú? Ó jáde lábẹ́ bàálù, ó gbójú sókè láti bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò rí i. Ibi tí orí Dùnmọ́mi máa ń wà, òfìfo ni.

"Ìyá Ẹniọlá! Ibo lo wà?"

"Mo wà níbí."

"Níbo? Mi ò rí ẹ."

"Nílẹ̀. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀."

"Kí lo ń ṣe lórí ìkúnlẹ̀?"

Ohùn Dùnmọ́mi jáde bí ti ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè òmùgọ̀. "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ṣé kí n jókòó sókè gelete, kí bàbá olórí funfun dúró sísàlẹ̀ máa gbójú sókè wò mí? Ṣé ilé tí mo ti wá nìyẹn?"

Láníhùn gun apá bàálù, ó yọ orí wo inú. Dùnmọ́mi kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ láàrin ìjókòó méjèèjì, ibi tí àyè wà, ó na ọwọ́ kan mú súìṣì. Orúnkún òsì rẹ̀ tẹ fáàfù pupa mọ́lẹ̀ ṣinṣin.

"Dìde," Láníhùn ní. "Jókòó." Ó jókòó. Sípíríǹgì fa fáàfù padà, ó pa dé. "Tẹ súìṣì." Ẹsẹ̀ ká wọnú wẹ́rẹ́. "Kúnlẹ̀." Ó kúnlẹ̀, fáàfù ṣí, ẹsẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀. Ó ní kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kẹrin, Dùnmọ́mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Ó ní, "Ẹ kò sọ fún mi rí pé irin náà ń ṣiṣẹ́ kan. Súìṣì nìkan lẹ kọ́ mi. Mo rò pé ohun tí wọ́n fi ń di ìjókòó mú ni." Òótọ́ ló sọ. Láníhùn kò sọ fún un nítorí kò fẹ́ kó máa ronú nípa bàálù tí pọ́ǹpù rẹ̀ kú sókè.

Alàgbà Ẹkúndayọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nù. Ó ní kí wọ́n fi irin bo orí fáàfù náà kí orúnkún ẹnikẹ́ni má bàa dé ibẹ̀ mọ́, bí wọ́n bá ti ṣe é tán, òun á fọwọ́ sí i. Sàlákọ́ ló jó irin náà, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan títí ó fi jó o tán. Ẹsẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú Alàgbà, ó fọwọ́ sí ìwé, ó lọ. Láníhùn kò mọ ìgbà tó lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ojú ń tì í débi pé ara rẹ̀ gbóná. Ọ̀wọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ń bù fún Bàbá gan-an ló ń já ẹsẹ̀ bàálù bọ́, òun sì ti lọ fi ọ̀wọ̀ náà sun Bàbá lẹ́sùn.

Ó sáré lọ. Bàbá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fi igi tuntun sí ọkọ́ rẹ̀. Láníhùn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, àyà rẹ̀ kan iyẹ̀pẹ̀, kò dìde. Ibẹ̀ ló ti ròyìn ohun gbogbo. Bàbá kò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró títí ó fi sọ ọ́ tán.

"Ọjọ́ tí o wá bá mi nítorí oòrùn," Bàbá ní, "kí lo ti wò kí o tó wá?"

"Mo wo ọ́ìlì, Bàbá. Mo wo síìlì. Mo tú pọ́ǹpù. Mo tọ gbogbo wáyà."

"Lẹ́yìn náà?"

Láníhùn bo ojú mọ́ iyẹ̀pẹ̀.

"Lẹ́yìn náà o wo ẹsẹ̀ mi," Bàbá ní. "Ilé kòkó tèmi, èmi ni mo kọ́ ọ. Sípánà, èmi ni mo fi lé ọ lọ́wọ́. O sì sọ mí di àlejò níbẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, Láníhùn. Ká tó ní ẹsẹ̀ àlejò burú, ká wo ibi tí orúnkún tiwa balẹ̀ sí." Ó tún gbé ọkọ́ rẹ̀. "Dìde. Èèrà ń gùn ẹ́."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ."

"Mi ò wá lónìí."

Kò wá lọ́jọ́ náà, kò wá lọ́jọ́ kejì. Dùnmọ́mi lọ bẹ̀ ẹ́, ó fún Dùnmọ́mi ní ẹ̀pà, ó gbàdúrà fún un, kò sọ pé òun ń bọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, Sàlákọ́ náà lọ. Ó lò tó wákàtí kan níbẹ̀, nígbà tó padà dé ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì sọ ohun tí Bàbá bá a sọ fún ẹnikẹ́ni títí di òní olónìí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí oòrùn ṣe rọ̀ díẹ̀, wọ́n gbọ́ ìró ọ̀pá lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú iṣẹ́ o." Dùnmọ́mi fẹ́ kúnlẹ̀ nídìí ìjókòó rẹ̀, àwọn ọkùnrin méjèèjì ké lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Má kúnlẹ̀!" Dùnmọ́mi dá wọn lóhùn pé àwọn méjèèjì kò lè kọ́ òun ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó sọ̀kalẹ̀ wálẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún Bàbá lórí ilẹ̀ bó ti yẹ, ó kí i délé dóko.

Bàbá kò jókòó sórí àpótí. Ó rìn lọ sí ìdí bàálù, ó ní kí wọ́n gbé òun gòkè. Láníhùn mú un lápá, Sàlákọ́ gbé e lẹ́yìn, wọ́n rọra gbé e jókòó sí iwájú súìṣì. Ó tẹ̀ ẹ́ sókè. Pọ́ǹpù ké, ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká wọnú. Ó dúró, ó ń tẹ́tí. Kò sí èyí tó já. Ó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, wọ́n nà. Ó tún tẹ̀ ẹ́ sókè. Sàlákọ́ rò pé ó ń ṣeré ni, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n Láníhùn dúró sísàlẹ̀, ó ń ka iye rẹ̀ sínú, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀méjìlá ni Bàbá ká ẹsẹ̀ bàálù náà. Ọjọ́ méjìlá ni kò fi wá sí ilé kòkó. Lẹ́yìn ìkejìlá, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí súìṣì, ó ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, pé ó rẹ òun.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí àgbà Òkè-Apá ń sọ pé, ká tó ní ẹsẹ̀ àlejò burú, ká wo ibi tí orúnkún tiwa balẹ̀ sí, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọba àtijọ́ kan. Wọ́n ń pa á nígbà tí nǹkan bá ń dojú rú ní gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá dé, tí àwọn ará ilé sì fẹ́ di ẹ̀bi rù ú: ìyàwó tuntun tí wọ́n ní láti ìgbà tó ti dé ni oúnjẹ kò ti tó mọ́, olùkọ́ tuntun, àna, tàbí ìyá arúgbó tó wá gbé lọ́dọ̀ ọmọ. Àgbà ń fi sọ fún onílé pé kó kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò, kó wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ń ṣe bí ẹni náà bá ti wọlé, títí kan èyí tó ń ṣe pẹ̀lú ọkàn rere. Bí ó bá ti wò ó tán tí kò rí nǹkan kan, nígbà náà ni kó tó la ẹnu rẹ̀.